Kí ẹni tó ń gbá géèmù máa gbọ́ orin tirẹ̀: ìdáhùn fún àbúrò kan

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi nìkan ni mò ń dá ṣe géèmù kékeré kan fún kọ̀ǹpútà, mo sì fẹ́ gbé e dé orí fóónù tó bá yá. Orin mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó sì ti bá mi gbá a wò ní àwọn orin náà ti sú àwọn. Mo wá ń rò ó pé kí n jẹ́ kí kálukú fi orin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn olórin á pè mí lẹ́jọ́. Òmíràn ní kí n so ó mọ́ Spotify, kí n sinmi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀, báwo sì ni mo ṣe máa ṣe é?"

Àbúrò mi, o kú akitiyan. Ìbéèrè kan lo rò pé o bi mí, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo kà nínú lẹ́tà rẹ. Ṣé òfin gbà á? Ṣé ó ṣeé ṣe, iṣẹ́ wo ló sì wà níbẹ̀? Ẹ̀kẹta ni èyí tí o ò béèrè: ṣé orin ẹlòmíràn ló máa wo ohun tó ń sú àwọn èèyàn rẹ yẹn sàn? N ó dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì palẹ̀, torí òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ibi tí wọ́n lò ó sí ni kò bá a mu.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bẹ̀rù ilé ẹjọ́ ń ro ti àṣẹ tí ẹni tó ṣe fíìmù tàbí géèmù gbọ́dọ̀ gbà kó tó lẹ orin olórin mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó tó máa pín in kiri. Bí ìwọ fúnra rẹ bá fi orin ẹlòmíràn sínú géèmù tí o sì gbé e sọ́jà, àṣẹ méjì lo nílò: ti ẹni tó kọ orin, àti ti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ohun tí o fẹ́ ṣe kọ́ nìyẹn. Orí kọ̀ǹpútà ẹni tó ra géèmù ni fáìlì orin wà, òun ló kó o síbẹ̀, òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Géèmù rẹ kàn ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ orin lásán ń ṣe ni. O ò da nǹkan kan kọ, o ò sì pín nǹkan kan. Kò tiẹ̀ sí ohun tuntun níbẹ̀. Nígbà tí Microsoft gbé ẹ̀rọ géèmù Xbox àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2001, èèyàn lè da orin inú CD rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà kí àwọn géèmù kan sì máa lò ó. Grand Theft Auto III ti orí kọ̀ǹpútà ní fódà kan tí èèyàn ń kó MP3 sí, àwọn orin náà á sì máa dún nínú ọkọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ rédíò kan ni wọ́n.

Ibi tí ẹjọ́ ti lè wọlé ni kí o gbé orin náà kúrò lórí ẹ̀rọ ẹni tó ni ín. Bí o bá ní kí géèmù máa kó orin lọ sórí sáfà rẹ (kọ̀ǹpútà tìrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kí ẹni náà lè rí i lórí fóónù rẹ̀, o ti di ẹni tó ń tọ́jú orin olórin láìgba àṣẹ. Bí eré àjọgbá bá wà níbẹ̀, tí orin ẹnì kan ń dún sétí àwọn yòókù, pínpín nìyẹn. Bí géèmù rẹ bá sì ń fi àkọsílẹ̀ eré pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, rí i dájú pé fódà orin kò sí lára ohun tó ń kó lọ. Orúkọ fáìlì àti ibi tó wà ni kí o fi pamọ́, má fi orin gan-an pamọ́. Má sì lo orin gbajúmọ̀ kankan nínú fídíò ìpolówó rẹ láti fi hàn pé "wò ó, ó ń ṣiṣẹ́". Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, òfin ìlú kan sì yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà bí o bá fẹ́ kọjá ààlà tí mo là yìí, lọ bá ẹni tó mọ òfin kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti Spotify kò gùn. Nínú ìlànà tí wọ́n fi lé àwọn tó ń kọ kóòdù lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohun èlò àwọn ṣe géèmù. Kódà bí wọ́n bá gbà á, ìwọ kọ́ ló máa rí ohùn náà gbà: orin tí èèyàn fi owó oṣù gbọ́ lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ àgádágodo, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń dà sórí fóónù láti inú Apple Music. Bí géèmù rẹ bá tilẹ̀ rí fáìlì, kò ní lè tú u. Sọ èyí fún àwọn tó ń ra géèmù rẹ ní gbangba kí wọ́n má bàa rò pé gbogbo orin tó wà lórí fóónù wọn ló máa yọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú èrò ọ̀rẹ́ rẹ yẹn tí mo fara mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí ò ní fódà MP3 mọ́. Ìkànnì ni orin wọn wà. Ohun tó rọrùn jù tí o lè ṣe fún wọn ni kí o fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ya fọ́lúùmù orin sọ́tọ̀ kúrò lára fọ́lúùmù ìró, kí èèyàn lè pa orin rẹ tán pátápátá kó sì máa gbọ́ ìró ìbọn, ẹsẹ̀ àti ilẹ̀kùn, kí orin tirẹ̀ máa dún láti inú áàpù mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ náà parí síbẹ̀. Lórí fóónù, ìhà kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ géèmù kì í rí: bí wọ́n ṣe ń ṣí ni wọ́n ń pa orin ẹni. Lórí iPhone, ìlànà ohùn tí áàpù ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń pa ohùn áàpù tó kù lẹ́nu. "Ambient" ni kí o yí i sí, kí méjèèjì lè jọ dún. Lórí Android, bí géèmù rẹ bá lọ béèrè fún àṣẹ ohùn, áàpù orin á dákẹ́ fún un, nítorí náà má béèrè nígbà tí orin rẹ bá wà ní òdo. Unity, ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ní àpótí kan nínú sẹ́tíǹgì tó ń jẹ́ "Mute Other Audio Sources". Yẹ̀ ẹ́ wò, kí o rí i pé kò sí àmì nínú rẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú tí mo bá ń gbọ́ orin mi jẹ́jẹ́ tí géèmù kan bá kàn pa á láìbéèrè.

Wàyí o, ká sọ pé o ṣì fẹ́ kí géèmù fúnra rẹ̀ máa lu orin náà. Kí o tó kọ ìlà kóòdù kan, pa gbogbo orin inú géèmù rẹ, kí o sì gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ gbogbo ibi tó ti yà ọ́ lẹ́nu sílẹ̀: ibi tí ọ̀tá ti yọ láìkìlọ̀, ibi tí o ò ti mọ̀ pé ìjà ti parí, ibi tí àkókò ti tán lọ́wọ́ rẹ. Onílù tó mọṣẹ́ ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò. Bí oníjó bá fẹ́ yí, ìlù á ti yí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni orin géèmù ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí: ní 1991, LucasArts, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní iMUSE nínú géèmù Monkey Island 2, tó ń jẹ́ kí orin yí padà láìjá bí èèyàn bá ti ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Fáìlì tí ẹnì kan kó wá láti ilé kò rí oníjó. Yóò máa dún bó ṣe ń dún bí ọ̀tá bá wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí o kó gbogbo ìkìlọ̀ tí o gbé lé orin lọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀, kí o gbé e fún ìró àti àwòrán. Ọ̀tá ń bọ̀? Kí ìró kúkurú kan sọ ọ́, kí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀rọ náà sì yí àwọ̀. Ìjà parí? Ìró mìíràn. Bí o bá ṣe èyí dáadáa, wàá ti ṣoore fún àwọn tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa àti fún ẹni tó ń gbá géèmù láàárín èrò pẹ̀lú fóónù tí kò dún, bí o bá tilẹ̀ wá pinnu lẹ́yìn náà pé o ò fẹ́ orin àdáni (orin tí ẹni tó ń gbá géèmù fúnra rẹ̀ kó wá) mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí o bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lílu fáìlì MP3 kì í ju ọ̀sán kan lọ. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwọn kan ti wá ọgbọ́n sí i pé kí orin àdáni náà máa tẹ̀ lé eré. Géèmù Morrowind, tó jáde lọ́dún 2002, pín fódà orin rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: Explore fún ìrìn, Battle fún ìjà, Special fún àwọn ibi àkànṣe bí ìbẹ̀rẹ̀ eré. Èèyàn lè ju MP3 tirẹ̀ sí èyí tó bá fẹ́. Ó dára, ó sì rọrùn láti yé èèyàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orin tí wọ́n kọ fún etí lásán kì í tètè bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí ìlù tó wọlé, ìjà rẹ sì lè parí láàárín 15. Ìbẹ̀rẹ̀ orin ìjà nìkan ni ẹni náà á máa gbọ́ títí ayé, bẹ́ẹ̀ ni orin ìrìn náà á máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá máa lo fódà méjì, jẹ́ kí géèmù rántí ibi tí orin ìrìn dé kó sì máa bá a lọ láti ibẹ̀, kí ó má sì yí orin rárá àfi bí ìjà bá ti pẹ́ díẹ̀. Fún géèmù kékeré, fódà kan ṣoṣo ni mo fara mọ́ ní tèmi. Dípò kí o yí orin, yí bó ṣe ń dún: bí èèyàn bá dá eré dúró tàbí tó wọ inú omi, ké ohùn òkè orin náà kúrò kó ku ti ìsàlẹ̀; bí ìkìlọ̀ pàtàkì bá fẹ́ dún, rẹ orin náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń jọ pé géèmù ń gbọ́ orin náà, o ò sì fọwọ́ kan fáìlì.

Irú fáìlì wo? MP3, Ogg Vorbis àti WAV tó. Àwọn kan ṣì ń sọ pé MP3 ń gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ó gbà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀tọ́ tó wà lórí rẹ̀ ti tán, Fraunhofer, àjọ ìwádìí ilẹ̀ Jámánì, sì ti pa ètò ìgbowó rẹ̀ rẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Vorbis jẹ́ ọ̀fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá ń lo ẹ́ńjìnnì Godot, AudioStreamMP3 ní ibi kan tó ń jẹ́ data tí o lè da gbogbo inú fáìlì náà sí. Ní Unity, UnityWebRequestMultimedia ló ń mú un wá. Ní ẹ́ńjìnnì GameMaker, audio_create_stream ni, ṣùgbọ́n OGG nìkan ló mọ̀, nítorí náà wàá ní láti sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n yí MP3 wọn padà, ọ̀pọ̀ ò sì ní ṣe é.

Ohun tó máa ń gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ṣubú ni RAM, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó jẹ́ MP3 ní 128 kbps kò ju MB 4 lọ. Bí o bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ọ̀nà méjì, bíìtì 16, ní 44,100 Hz jẹ́ báìtì 176,400 fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á sì di nǹkan bí MB 42. Ẹnì kan á yan fódà tó ní orin 300, bí kóòdù rẹ bá sì tú gbogbo wọn pọ̀ nígbà tí géèmù ń ṣí, GB 12 lo ń wá yẹn. Orúkọ wọn nìkan ni kí o kà. Ṣí orin kan ṣoṣo, tú u díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dún, kí o sì sọ ọ́ nù kí o tó ṣí òmíràn. Ní Unity, fi streamAudio sí true.

Nípa ibi tí orin máa wà: lórí kọ̀ǹpútà, má fi fódà náà sí ibi tí wọ́n fi géèmù sí. Windows lè má jẹ́ kí èèyàn kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ̀dà tuntun géèmù rẹ tó bá sì dé lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Fi sí abẹ́ Documents, tàbí kí o jẹ́ kí ẹni náà yan fódà tó bá fẹ́. Lórí Android, láti ìgbà tí Android 10 ti dé ní 2019, áàpù ò lè máa rìn káàkiri inú fóónù bó ṣe wù ú mọ́. Fèrèsé tí Android fúnra rẹ̀ fi ń yan fáìlì ni kí o lò, kí o sì gba àṣẹ tó máa dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa fóónù tí wọ́n sì tún tàn án, géèmù rẹ ò ní lè ṣí orin tó lù lánàá. Orúkọ fáìlì náà ní ìjọ̀gbọ̀n tiẹ̀. Orúkọ tó ní àmì ohùn lè wà ní oríṣi méjì nínú Unicode (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà) tí ojú ò lè fi ìyàtọ̀ sí, nítorí náà má ṣe tún orúkọ kọ fúnra rẹ. Bí ẹ̀rọ bá ṣe fún ọ ni kí o fi pamọ́. Wo fọ́ǹtì géèmù rẹ pẹ̀lú. Bí kò bá ní ṣ, àti ẹ àti ọ tó ní àmì ohùn lórí, àpótí òfìfo ni wọ́n á máa rí.

Ti fọ́lúùmù ni mo fẹ́ kí o fi sùúrù gbọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ géèmù tí wọ́n ṣe dáadáa yàtọ̀. Orin kan lè pariwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po bí o ò tilẹ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Orin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí gbogbo ibi nínú rẹ̀ lè pariwo lórí rédíò á bo gbogbo ìró géèmù rẹ, orin dùùrù jẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e ò sì ní gbọ́ sétí. Ẹni náà á máa lọ sí sẹ́tíǹgì lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, tó bá yá á pa gbogbo rẹ̀. Bí ohùn ṣe ga tó létí ènìyàn ṣeé wọ̀n, ìlànà BS.1770 tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, gbé jáde ní 2006 ló ṣàlàyé rẹ̀, LUFS sì ni wọ́n fi ń kà á. Kóòdù ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ libebur128 tó ń ṣe ìṣirò náà. Má bi ara rẹ pé nọ́ńbà wo ló dára. Wọn àwọn orin mẹ́ta tìrẹ tí o ti fi sùúrù tò pẹ̀lú ìró géèmù, ohun tó bá sọ ni kí àwọn orin àlejò bá dọ́gba. Bí tìrẹ bá jẹ́ −18 tí ti àlejò sì jẹ́ −8, dB (dẹ́síbẹ́lì) 10 ló fi ju tìrẹ lọ, fi 0.316 sọ ohùn rẹ̀ di púpọ̀, ó parí. Èyí tó bá rẹlẹ̀ jù, gbé e sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n dúró kó tó di pé ibi tó ga jù nínú rẹ̀ ń já. Wọn orin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn eré, kí o kọ èsì sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Má gbẹ́kẹ̀ lé fáìlì tí o ò mọ ibi tó ti wá. Ohun tó ń jẹ́ .mp3 lè jẹ́ àwòrán, ó lè ti bàjẹ́, ẹnì kan sì lè ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti fi wọ inú ẹ̀rọ. Ní 2015, àbùkù tí wọ́n ń pè ní Stagefright fi hàn pé fáìlì ohùn tàbí fídíò lásán lè ṣí ilẹ̀kùn Android fún ọ̀daràn. Lo kóòdù ìtúrin tí wọ́n ṣì ń tún ṣe, má fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Bí fáìlì kan bá kọ̀, fò ó kọjá láìdá eré dúró. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀ tàbí tí wọ́n ti pa fódà rẹ́, padà sí orin tìrẹ. Orin tìrẹ yìí kò gbọdọ̀ kúrò, ìdí mìíràn sì tún wà. Àwọn tó ń fi géèmù hàn lórí Twitch àti YouTube á nílò rẹ̀. Lọ́dún 2020, Twitch pa ọ̀pọ̀ fídíò rẹ́ nítorí orin olórin tó wà lábẹ́ wọn. Fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tó ń sọ gbogbo nǹkan di orin géèmù nìkan, kí ó hàn kedere.

O lè gbọ́ pé kí o jẹ́ kí ọ̀tá máa rìn bí ìlù orin ẹni náà ṣe ń lọ. Má dé ibẹ̀. Vib-Ribbon ti 1999 ṣe é, Audiosurf ti 2008 náà ṣe é, ṣùgbọ́n orin ni géèmù wọn. Láti inú orin ni ọ̀nà tí èèyàn ń rìn ti ń jáde. Tìrẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ṣi ìlù gbọ́, tó máa ń ṣì í gbọ́ bí orin ò bá ní ìlù tó dúró, àwọn èèyàn á rò pé géèmù rẹ ló bàjẹ́.

Ó ku ìbéèrè tí o ò béèrè. Orin mẹ́ta ò kéré fún géèmù kékeré. Ohun tó sábà máa ń sú èèyàn ni orin tí kò sinmi: ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ṣí géèmù. Minecraft máa ń dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú láàárín orin kan àti èkejì, àwọn tó ń gbá a sì fẹ́ràn orin rẹ̀. Fi ìdákẹ́jẹ́ sáàárín tìrẹ, kí gígùn rẹ̀ máa yàtọ̀ síra. Bí ẹni tó ṣe orin náà bá ṣì ní ohùn ìlù, dùùrù àti gìtá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní kó fún ọ, kí o máa yọ ọ̀kan tàbí kí o fi òmíràn sí i bí eré bá ṣe ń lọ. Kò ní gbà ọ́ ní ìdajì àkókò tí orin àdáni máa gbà.

Gbé èyí àti fọ́lúùmù méjì tí mo sọ yẹn fún àwọn kan náà tó ń ráhùn, kí o sì jókòó tì wọ́n. Má béèrè bóyá wọ́n fẹ́ lo orin tiwọn, torí gbogbo èèyàn ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wo iye nínú wọn tó pa orin rẹ dé òdo, àti iye tó ń gbọ́ nǹkan mìíràn nígbà tó pa á. Bí wọ́n bá pọ̀, kọ̀wé sí mi padà, kí o sọ irú ẹ́ńjìnnì tí o ń lò, ká jọ wo bí a ṣe máa kọ èyí tó ń ṣí fódà.